Ọkọ̀ Òfurufú Hàkímù

"Ẹni tí rìmóòtù wà lọ́wọ́ ẹ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀," ni Bọ̀dá Ṣàkírù wí. "Ẹ̀yin tó kù, ẹ panu mọ́."

Òfin ṣọ́ọ̀bù náà nìyẹn. Ní Mowe lọ́dún 2009, kò sí ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn fíìmù tí kò mọ ṣọ́ọ̀bù tí Bọ̀dá Ṣàkírù ti ń fi fíìmù han èèyàn. Lọ́sàn-án Sátidé, tí fíìmù bá ti parí tí wọ́n sì ti pa jẹnẹrétọ̀, iyàn máa bẹ̀rẹ̀. Ẹni méjì á máa gba rìmóòtù lọ́wọ́ ara wọn. Ẹni tí wọ́n bá pàtẹ́wọ́ fún jù ló máa mú fíìmù ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Lọ́jọ́ yìí, Mọ́láyọ̀ àti Hameedah ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló kojú ara wọn. Fíìmù òyìnbó kan tí àwọn ọmọ Mowe ń pè ní Èbúté Òṣùpá ló dá a sílẹ̀, nítorí pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Nínú ti àtijọ́, ọkọ̀ òfurufú náà rí roboto bí igbá, ilẹ̀kùn rẹ̀ pupa, ọ̀gá ọkọ̀ sì ń wá àbúrò rẹ̀ kiri sánmà. Nínú ti tuntun, ọkọ̀ náà gùn, ó dúdú, ó ń dán, ọ̀gá ọkọ̀ kò sì ní àbúrò rárá.

"Torí àbúrò ẹ̀ ló ṣe kúrò nílé," ni Hameedah sọ. "Wọ́n wá yọ àbúrò kúrò. Kí ló wá ń wá lójú sánmà? Ṣé irọ́ ni gbogbo èyí tá a ti ń wò bọ̀?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un gan-an. Kò sí ohun tó burú létí Mọ́láyọ̀ tó àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún ẹlòmíì.

"Páálí ni ọkọ̀ àtijọ́ yẹn," ló fèsì. "A máa ń rí okùn tí wọ́n fi so ó kọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n àtẹ́wọ́ náà kò tó ti Hameedah. Mọ́láyọ̀ sì mọ ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ kò mọ̀. Hàkímù, ẹ̀gbọ́n Hameedah, ló ra kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ náà. Òun àti àbúrò rẹ̀ ni wọ́n jọ máa ń wò ó, á sì máa fi báírò ya ọkọ̀ roboto yẹn sí i lọ́wọ́. Tírélà ló pa Hàkímù ní Asese níbi tó ti ń sọdá títì. Látìgbà náà, tí àárò rẹ̀ bá sọ Hameedah, kásẹ́ẹ̀tì yẹn ló máa ń wò. Ẹkún ló fi sọ ọ́ fún Mọ́láyọ̀, òun nìkan ló sì sọ ọ́ fún.

Mọ́láyọ̀ di rìmóòtù mú. "Ẹ má dá a lóhùn. Kì í ṣe ọkọ̀ ló ń jà fún, ẹkún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó kú ló ń sun. Hàkímù ti lọ, kí ọkọ̀ ẹ̀ náà máa lọ."

Ọmọkùnrin kan súfèé, àwọn tó kù sì pàtẹ́wọ́. Ó yẹ kójú tì wọ́n. Hameedah kò sunkún. Ó tún híjáàbù rẹ̀ ṣe, ó sì jáde.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, ti àtijọ́ ni Mọ́láyọ̀ mú, ó sì di àyè mú fún Hameedah sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ó rò pé ìyẹn ti tó ẹ̀bẹ̀. Fíìmù parí, Hameedah kò wá.

Ló bá lọ sílé wọn. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá Hameedah. Màmá náà rẹ́rìn-ín sí i, nítorí kò tíì gbọ́ nǹkan kan, ẹ̀rín yẹn sì dun Mọ́láyọ̀ ju èébú lọ. Hameedah ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé.

"Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì ẹ́."

"Ṣé wàá wá ká jọ wò ó?"

"Mi ò wò ó mọ́." Kò gbójú sókè. "Tẹ́lẹ̀, tí ọkọ̀ yẹn bá ti yọ, ohùn Bọ̀dá mi ni mo máa ń gbọ́. Ní báyìí, ohùn tìẹ ni."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ jiyàn lórí fíìmù bó ṣe wù yín. Ẹ bú ọkọ̀ àtijọ́, ẹ yin tuntun. Ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀rẹ́ bá fi ẹkún sọ fún yín, ẹ má gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́. Mọ́láyọ̀ tọrọ àforíjì, ó sì rí i gbà. Ohùn Hàkímù ni kò rí dá padà.