Ìgò Agbọ́n Lẹ́yìnkùlé Maren

Maren jí ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú. Ó sáré lọ sójú fèrèsé.

Ápù ń já lẹ́yìnkùlé. Gbì! Òmíràn tún já. Gbì!

"Ìgbà ooru ti fẹ́ tán ní Oregon," ni Màmá wí.

Maren ń gbé pẹ̀lú Màmá àti Bàbá Àgbà. Ìyá Àgbà náà wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó kú nígbà tí igi ápù ń tanná.

Nígbà tí Ìyá Àgbà wà láyé, abẹ́ igi ápù ni gbogbo wọn ti ń jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ Àìkú. Báyìí, Bàbá Àgbà ń dá jẹun nínú ilé ìdáná. Ògiri ló ń kọjú sí.

Maren kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kí Bàbá Àgbà jáde.

"Bàbá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa jẹun níta lónìí."

Bàbá Àgbà wo igi ápù lójú fèrèsé.

"Ó dáa," ló wí. "Màá gbìyànjú ẹ̀ wò."

Màmá sun àgbàdo. Ó sun ẹja. Maren gbé omi ọsàn wẹ́wẹ́ lọ sórí tábìlì tó wà lábẹ́ igi ápù. Ó ń rìn jẹ́jẹ́ kó má bàa dànù. Bàbá Àgbà dé fìlà ẹ̀, ó jókòó.

Sùùùn!

Agbọ́n kan dé. Ó dúdú, ó yẹ́lò, ó dúdú, ó yẹ́lò. Ó bà lé ẹja.

Sùùùn! Sùùùn! Òmíràn kó sínú ife.

"Kúrò ńbẹ̀!" Bàbá Àgbà fi fìlà lù ú.

Inú bí agbọ́n. Ó ta Bàbá Àgbà létí.

"Yéè!"

"Bàbá, ẹ má lù wọ́n mọ́!" ni Màmá pariwo.

"Kí n má lù wọ́n kẹ̀? Ṣé o ò rí wọn bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹja mi ni?"

Bàbá Àgbà gbé àwo ẹ̀. Ó wọlé. Gbàm! Ó ti ilẹ̀kùn.

Omi lé ròrò sójú Maren. "Kò ní jáde mọ́."

"Agbọ́n ló lé e wọlé," ni Màmá wí. "Ó yá, ká dẹ pàkúté fún agbọ́n."

Màmá fi sísọ́ọ̀sì gé orí ìgò oníke kan. Ó dorí náà kodò. Ó tì í bọ inú ìgò.

"Agbọ́n á rí ọ̀nà wọlé," ló wí. "Kò ní rí ọ̀nà jáde."

"Kí la máa fi tàn wọ́n?"

"Ohun tó bá dùn."

Maren sáré lọ gbé ìgò oyin wá.

"Ẹ dúró! Ẹ dúró ńbẹ̀!"

Orí kan yọ lókè fẹ́ǹsì. Ọ̀gbẹ́ni Teague ni, aládùúgbò wọn tó ń sin kòkòrò oyin.

"Kí ni mo fi ṣe yín?" ló wí. "Tẹ́ ẹ bá da oyin síbẹ̀, àwọn kòkòrò mi ló máa kọ́kọ́ kó síbẹ̀!"

"Ẹ má bínú, sà," ni Maren wí. "Kí la máa lò?"

"Omi ápù ni kẹ́ ẹ lò. Kẹ́ ẹ wá da ọtí kíkan díẹ̀ sí i. Kòkòrò oyin kò fẹ́ràn òórùn ọtí kíkan. Ọmọlúwàbí ni àwọn tèmi."

Omi ápù. Ọtí kíkan. Ọṣẹ olómi díẹ̀, kí agbọ́n má bàa lè rìn lórí omi náà. Ó parí!

"Níbo la máa gbé e kọ́?" ni Màmá bi í.

"Òkè tábìlì!" ni Maren wí. "Kó máa ṣọ́ oúnjẹ wa!"

Màmá rò ó wò. Ó so ìgò náà mọ́ ẹ̀ka igi tó wà lókè tábìlì.

Ọjọ́ Àìkú míì dé. Màmá gbé búrẹ́dì àti ẹja sórí tábìlì.

Sùùùn! Sùùùn! Sùùùn! Sùùùn!

Agbọ́n pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ!

Bàbá Àgbà yọjú lójú fèrèsé. "Ṣé ẹ̀ ń ṣe àlejò wọn ni?" ló wí. Ó pa fèrèsé dé.

Maren jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rù ń bà á. Síbẹ̀, ó ń wo àwọn agbọ́n.

Agbọ́n kan fò kọjá lórí búrẹ́dì. Kò dúró. Ó fò kọjá lórí ẹja. Kò dúró. Ó lọ tààrà sínú ìgò. Pọ́!

Òmíràn tẹ̀ lé e. Pọ́!

Maren fò dìde.

"Màmá! Ìgò yẹn ni wọ́n ń bọ̀ wá bá. Àwa la pè wọ́n wá sórí tábìlì!"

Màmá ya ẹnu. "Àwa kẹ̀?"

"Ẹ jẹ́ ká gbé e jìnnà! Ibi tó bá wà ni wọ́n máa lọ."

"Mo dẹ̀ dúró, mo ń so ó mọ́gi," ni Màmá wí. Ó bú sẹ́rìn-ín.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, òtútù mú. Agbọ́n ti lọ sùn. Màmá rọra gbé ìgò náà lọ sí ìdí fẹ́ǹsì, lọ́hùn-ún, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí.

Lọ́jọ́ kejì, Maren mú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó fẹ́ kó àwọn ápù tó ti jẹrà nílẹ̀, torí agbọ́n fẹ́ràn ìyẹn náà. Ó na ọwọ́ sí ọ̀kan.

"Dúró!"

Bàbá Àgbà ló dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Má fọwọ́ gbé e bẹ́ẹ̀ yẹn. Agbọ́n lè wà nínú ẹ̀."

Ó wọ bàtà ńlá ẹ̀. Ó jáde wá. Ó fẹsẹ̀ yí ápù náà.

Sùùùn! Agbọ́n kan jáde, ó fò lọ.

"Ṣó o rí i?"

"Mo rí i, sà."

Bàbá Àgbà kò wọlé padà. Ó wá ìbọ̀wọ́ fún Maren. Ó ń fẹsẹ̀ yí ápù, Maren ń gbé e.

Yí i. Gbé e. Gbọ̀ù, sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì! Yí i. Gbé e. Gbọ̀ù!

Nígbà tó yá, Bàbá Àgbà dúró.

"Àràárọ̀ ni Ìyá Àgbà ẹ máa ń kó wọn," ló wí. "Mo rò pé kò kàn lè jókòó sójú kan ni. Mi ò mọ̀ pé torí agbọ́n ni."

Maren di ọwọ́ ẹ̀ mú. "Ẹ jẹ́ ká jọ máa kó o láràárọ̀."

"Ó dáa," ni Bàbá Àgbà wí.

Wọ́n ń kó o láràárọ̀. Ọjọ́ Àìkú tún dé.

Màmá sun àgbàdo. Bàbá Àgbà jókòó sábẹ́ igi ápù. Ó ń wòtún, ó ń wòsì.

Agbọ́n kan ṣoṣo dé. Sùùùn! Ó yí tábìlì po. Ó gbọ́ òórùn ìgò lọ́hùn-ún, ó sì bá tiẹ̀ lọ.

Bàbá Àgbà jẹ àgbàdo. Ó tún mú òmíràn.

"Ṣé ó kù fún mi?" ni Ọ̀gbẹ́ni Teague ké láti òkè fẹ́ǹsì.

"Ẹ máa bọ̀," ni Bàbá Àgbà wí. "Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ fi àwọn kòkòrò yín sílé!"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

Oúnjẹ tán. Oòrùn ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Màmá dìde, ó fẹ́ kó àwo wọlé.

"Má tíì kó o," ni Bàbá Àgbà wí. "Mo ṣì fẹ́ jókòó síta."

Maren sún àga ẹ̀ mọ́ ti Bàbá Àgbà.