Ẹ̀bẹ̀ Àìwí

"Omi lo fi jẹ ẹ́?"

Karis kò mọ ìgbà tí ìbéèrè náà bọ́ lẹ́nu òun. Junie, ọmọ ọdún méje, gbójú sókè láti inú abọ́ rẹ̀. Kọnfíléèkì, àgbàdo gbígbẹ inú páálí, ló wà níbẹ̀, irú èyí tí gbogbo ọmọ ìlú Halbrook ń fi mílíìkì jẹ láàárọ̀. Omi ẹ̀rọ ni ọmọ náà bù lé e lórí.

"Ó dùn," ni Junie dáhùn. "Tó o bá tètè jẹ ẹ́, kò ní tíì rọ̀."

Shelby, ẹ̀gbọ́n Junie tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Karis, di Karis lápá mú, ó fà á jáde sẹ́yìn ilé, ó sì fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn.

"Dádì ẹ ńkọ́?" Karis bi í.

"Ó lọ síbi iṣẹ́."

"Ibo niṣẹ́ ọ̀hún wà?"

Shelby wo oko àlìkámà tí wọ́n ti ká, tó tẹ́ lọ salalu títí dé ibi tí ọ̀run ti fẹnu kan ilẹ̀. "Montana."

Ọ̀gbẹ́ni Pruett, bàbá wọn, wà lára àwọn tó ń wa ẹ̀rọ ìkórè kiri. Bí àlìkámà bá ti pọ́n ní Texas, wọn á tẹ̀ lé e lọ sí àríwá, láti oko dé oko, títí wọn á fi dé ẹnu ààlà Kánádà. Ìyá àwọn ọmọ náà ti bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn obìnrin ló máa ń wá bá wọn gbé ní gbogbo ìgbà ìkórè. Lọ́dún yìí, ikú mú ẹ̀gbọ́n yẹn, òjò sì dá àwọn olùkórè dúró ní Montana, lókè àríwá lọ́hùn-ún.

"Ẹ̀yin nìkan lẹ dẹ̀ wà nínú ilé yìí látọjọ́ yìí?"

"Mò ń dáná. Mò ń fọṣọ. Mílíìkì ló kàn tán, kì í ṣe pé ebi ń pa wá." Ohùn Shelby lọ sílẹ̀. "Gbọ́, Karis. Nígbà tí màmá wa lọ, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá kó wa. Wọ́n gbé mi síbì kan, wọ́n gbé Junie síbòmíì. Junie ò lanu sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dá wa padà. Ọ̀rọ̀ kan péré, kò sọ. Tí wọ́n bá tún gbọ́ pé a dá wà… Jọ̀ọ́, búra pé o ò ní sọ fẹ́nì kan."

"Àwa kì í búra. O kúkú mọ̀."

"Mo mọ̀. Ẹ̀yin Mẹnónáìtì pẹ̀lú wàhálà yín! Bẹ́ẹ̀ ni yín ni bẹ́ẹ̀ ni. Ó dáa, sọ bẹ́ẹ̀ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni," Karis wí.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré nílé Ediger, ìdílé Karis, nítorí ìjọ Kristẹni Mẹnónáìtì kò gbà kí ènìyàn búra. Ìyá bàbá Karis, tó tọ́ ọ dàgbà, máa ń kì í láràárọ̀ bó bá ń di irun rẹ̀: "Ediger, ọmọ oníwàásù. Ọmọ a-gbé-irúgbìn-sọdá-òkun, ọmọ àlìkámà pupa inú àpótí. Ọmọ bẹ́ẹ̀-ni-tí-kì-í-yẹ̀, a-sọ̀rọ̀-má-búra." Orí Karis a sì wú. Àmọ́ bí orí bá ń wú lójoojúmọ́, fìlà a máa há mọ́ ọn. Ohun tó ń jẹ Karis lọ́kàn ni pé òun, ọmọ oníwàásù, kò ní ẹni tí ń tẹ́tí sí òun.

Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Pásítọ̀ Neil, tí ń darí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, ń kọ́ wọn nípa bí ọ̀dọ́ Kristẹni ṣe lè jẹ́ aṣáájú. "Ọkàn ènìyàn ni aṣáájú ń wá," ni ó wí, tó ń rìn síwá sẹ́yìn. "Ẹ mi ọkàn wọn ná, ẹsẹ̀ wọn á tẹ̀ lé yín." Ó ní òun fẹ́ yan ẹni tí yóò máa darí àdúrà ìdí òpó àsíá nílé ẹ̀kọ́ lọ́dún náà.

Gbogbo ojú yí sí Brock Tillman. Brock a máa gbá bọ́ọ̀lù, a máa pa èèyàn lẹ́rìn-ín, bó bá sì gbàdúrà, àwọn ọmọbìnrin a máa nu ojú.

"Èmi náà fẹ́ ṣe é, sà," ni Karis wí.

"Karis?" Brock rẹ́rìn-ín. "Tí Karis bá ń gbàdúrà, Ọlọ́run gan-an á máa wo aago!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Karis náà rẹ́rìn-ín. Ẹni tí a bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ tí kò rẹ́rìn-ín, wọn á ní inú ń bí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gún un bí ẹ̀gún.

Pásítọ̀ Neil ní, "Ó dáa. Karis, ìwọ lo máa gbàdúrà lọ́la. Ká gbọ́ ọ."

Ní Halbrook, ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ló wà fún àgbà àti èwe, òpó àsíá sì wà láàárín àgbàlá rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ onígbàgbọ́ ti máa ń di ara wọn lọ́wọ́ mú yíká kí agogo tó lù. Kálukú a sọ ohun tó fẹ́ kí a bá òun bẹ Ọlọ́run sí: ìdánwò, orúnkún tó ń dun ìyá àgbà, òbí tí wọ́n fẹ́ kọ ara wọn. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá ṣeé sọ, a na ọwọ́ sókè, a ní, "Àìwí." Wọn a gbàdúrà fún un, kò sì sí ẹni tí yóò bi í pé kí ni. Láyé bàbá wọn ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀. Aṣọ tí ìjọ fi ń bo ara wọn nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ bó ṣe máa ń fẹ́: afẹ́fẹ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀, aláìnílé tí ń kan ilẹ̀kùn gbogbo ilé, a-gbọ́-tibí-rò-lọ́hùn-ún. Ó ń fi okùn àsíá na òpó náà. Wọ́n sọ ẹ̀bẹ̀ wọn yíká. Ó kan Shelby. Ó na ọwọ́ sókè.

"Àìwí," ó wí.

Karis di ojú, ó bẹ̀rẹ̀. Ó dúpẹ́ fún ìlera, ó dúpẹ́ fún àwọn olùkọ́. Ó gbọ́ tí ẹnì kan húkọ́. Ó gbọ́ tí bàtà Brock ń ha ilẹ̀. Ó mọ̀ pé wọ́n ti ń lọ kúrò lọ́dọ̀ òun, bí omi tí ń jò nínú apẹ̀rẹ̀. Nígbà náà ni ọ̀rọ̀ kan yọ sí i létè, tó gbóná, tó wúwo. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, wọn á gbọ́ òun. Ó tún mọ ohun tí òun ti sọ lẹ́yìn ilé Pruett. Ó rò pé: àdúrà ṣáà ni, Ọlọ́run ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

"Olúwa," ni ó wí, "ìwọ mọ ohun tí Shelby kò lè wí. Ìwọ rí òun àti Junie nínú ilé tí kò sí àgbà. Ìwọ rí ọmọdé tó ń fi omi jẹ oúnjẹ àárọ̀ nítorí bàbá rẹ̀ wà ní Montana, tí kò sì sí ẹni tí yóò tẹ́ wọn sùn…"

Bàtà Brock dúró jẹ́ẹ́. Ẹnì kan fa imú. Ọmọbìnrin kan bú sẹ́kún. Karis kò tíì mọ irú adùn bẹ́ẹ̀ rí. Ó dà bí ẹni pé gbogbo wọn wà ní àtẹ́lẹwọ́ òun. Ó gbàdúrà pẹ́. Nígbà tó ṣe àmín tó la ojú, àyè kan ti ṣí sílẹ̀ láàárín wọn. Àwọn méjì tó di Shelby lọ́wọ́ mú ń wo ọwọ́ ara wọn tó ṣófo.

Pásítọ̀ Neil, tó ti dúró lẹ́yìn wọn, fọwọ́ kan Karis léjìká. "Karis," ni ó wí, ojú rẹ̀ pọ́n, "lónìí, o mi ọkàn wọn."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣeé kó. Ìyá Brock wà lára àwọn obìnrin ìjọ tí ń fi fóònù pín ẹ̀bẹ̀ àdúrà fún ara wọn. Ọmọ rẹ̀ sọ fún un, ó sọ fún ẹni tó tẹ̀ lé e, onítọ̀hún sọ fún ẹlòmíràn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ní ìkà nínú. Gbogbo wọn ló ní, "Ẹ jẹ́ ká fi àwọn ọmọ yìí sínú àdúrà." Àmọ́ ọ̀rọ̀ a máa sanra bó ṣe ń rìn. Ní ìrọ̀lẹ́, bàbá wọn ti di ẹni tó sá lọ pátápátá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ní inú ààtàn làwọn ọmọ náà ti ń wá oúnjẹ. Nínú gbogbo àwọn tó ń gbàdúrà yìí, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó gbé mílíìkì dé ẹnu ọ̀nà wọn. Ẹnì kan, tí a kò mọ̀ títí dòní, sì pe ọ́fíìsì tí ń mójú tó ọmọdé.

Ọkọ̀ méjì ló dé sílé ẹ̀kọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, pẹ̀lú ọlọ́pàá kan. Láti ojú fèrèsé kíláàsì ni Karis ti rí i. Wọ́n mú Junie jáde. Ọmọ náà já ara rẹ̀ gbà, ó sáré lọ dì mọ́ òpó àsíá, ó fi apá àti ẹsẹ̀ wé e. Kò sunkún. Kò pariwo. Àwọn àgbà dúró tì í, wọn kò mọ ibi tí wọ́n máa dì mú.

Shelby ni wọ́n ní kó wá tú u. Ó kúnlẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ sí i létí, ó sì ń ṣí ìka rẹ̀ kúrò lára irin náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Karis ti sáré jáde. "Shelby! Shelby, mi ò mọ̀ pé…"

Shelby gbójú sókè. Ó wò ó tìtì.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó wí.

Ọkọ̀ kan yà sí ìlà oòrùn. Èkejì gba gúúsù lọ.

Nínú ilé ìdáná, ìyá àgbà ń po ìyẹ̀fun. Kábéèjì àti ẹran lílọ̀ ti jinná lórí iná, ó fẹ́ fi wọ́n sínú búrẹ́dì. Karis jókòó, ó sọ gbogbo rẹ̀. Ọwọ́ ìyá àgbà dúró nínú ìyẹ̀fun.

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

"Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Màmá àgbà."

"O mọ̀ látọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo dẹ̀ wà nílé yìí?" Ìyá àgbà wo òkè àjà. "Yàrá méjì ló ṣófo sí wa lórí. Mo mọ bàbá àwọn ọmọ yẹn láti kékeré. Fóònù kan ṣoṣo ni, ǹ bá ti bá a sọ̀rọ̀ ní Montana, ǹ bá sì ti lọ kó àwọn ọmọ wá. Tó bá tiẹ̀ di ti ìjọba, ibí ni wọn ì bá ti bá wọn, tí wọ́n ti jẹun yó. Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Mo ṣèlérí pé mi ò ní sọ fẹ́nì kan."

Karis gbọ́ ọ̀rọ̀ tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ, ó sì gbé orí lé tábìlì.

"Mo rò pé àdúrà…"

"Àdúrà dára, ọmọ mi. Àdúrà ló gbé wa sọdá òkun. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ti dáhùn èyí kó o tó gbà á. Ó fi yàrá sí òkè, ó fi oúnjẹ sórí iná, ó wá fi ọ̀rọ̀ náà sí ọ létí. Ìwọ ni ìdáhùn náà, Karis. O wá sọ ara rẹ di ẹlẹ́bẹ̀, kí wọ́n lè gbóhùn ẹ."

Ìyá àgbà lọ sí ọ́fíìsì náà lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n fi ọ̀wọ̀ gbà á. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ti dé iwájú adájọ́, pé ó máa gba oṣù mélòó kan. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti kó àwọn ọmọ náà sọ́dọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, wọ́n ní, bóyá.

Ọ̀gbẹ́ni Pruett fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó wakọ̀ bọ̀ láìsùn. Karis gbé búrẹ́dì gbígbóná lọ bá a. Bàbá náà ṣí ilẹ̀kùn, eruku oko ṣì wà ní irùngbọ̀n rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, abọ́ Junie ṣì wà lórí tábìlì.

"Ọmọ Ediger. Ìwọ lo gbàdúrà yẹn?"

"Èmi ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà…"

"Wọ́n jẹ́ kí n rí Junie lánàá." Ó gba búrẹ́dì náà, ó dì í mú bí ẹni tí kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ òun. "Kò tíì sọ̀rọ̀." Ó rọra ti ilẹ̀kùn. Ì bá sàn fún Karis kó fi ìbínú pa ilẹ̀kùn náà dé gbàgà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún pé jọ nídìí òpó. Pásítọ̀ Neil kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Èmi ni mo kọ́ yín pé kí ẹ mi ọkàn," ni ó wí. "Mi ò kọ́ yín ní bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ dárí jì mí." Ó wá bèèrè pé, "Ta ló ní ẹ̀bẹ̀?"

Okùn ń na òpó.

"Brock?"

"Kò sí, sà. Koko lara mi le." Gbogbo Halbrook ló mọ̀ pé bàbá Brock wà nílé ìwòsàn.

"Ẹlòmíràn?"

Wọ́n ń wo ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ti kó ọwọ́ sínú àpò, wọn kò di ara wọn mú. Karis wò wọ́n yíká, òye sì yé e, ó tutù wọ egungun rẹ̀. Wọ́n ti tẹ̀ lé òun. Òun ti kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì ti gbà á dáadáa: pé kí ẹni tó bá ní ọgbẹ́ máa bò ó, kí ó má ṣe fi í han onígbàgbọ́. Kò sí ìwàásù tí bàbá ńlá rẹ̀ ṣe rí tó wọ ọmọ aráyé lára tó báyìí.

Ó ní òun kò ní lè darí àdúrà náà. Ó bọ́ sẹ́yìn, ó na ọwọ́ sókè.

"Àìwí," ó wí.

Kò sí ẹni tó bi í pé kí ni. Gbogbo wọn ló mọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ń ka ìtàn yìí, ẹni tó bá fẹ́ ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ mọ ẹrù rù, kí ó tó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Bí ìyọnu ọ̀rẹ́ yín bá ju agbára yín lọ, ẹ gbé e tọ àgbà kan tó lè na ọwọ́ ìrànlọ́wọ́ sí i. Ẹ má gbé e sáàárín èrò, kódà nínú àdúrà. Ìgbàkígbà ni a lè rí ẹni tí yóò gbọ́ ohùn wa. Ẹni tó fi ọkàn tán wa, tí a wá já kulẹ̀, ọjọ́ tó máa tún lanu fún wa, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀ ọ́n.