Àgbébọ̀ Tó Fẹ́ Rí Odò

Ọ̀rọ̀ dídùn kọ́ ló pa Ẹ̀rínọlá àti Olúgbóyèga pọ̀. Ìjà ni. Ìjà náà kò sì dá lórí ilẹ̀ tàbí lórí ọmọ. Orí adìẹ ló dá lé, adìẹ tí wọ́n yà sínú fíìmù àwọn ọmọdé.

Abẹ́ agbòòrùn Waheed tó ń ta sídì ní Apple Junction ló ti ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rínọlá wá ra kàtúùnù tuntun fún Tóyọ̀sí, ọmọ-ọmọ rẹ̀. Orúnkún ń dùn ún, ló bá fi ìdí ti tábìlì Waheed, tábìlì náà sì ń ké ìrora. Ni bàbá kan bá dé, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ki ṣẹ́ẹ̀tì bọ ṣòkòtò bí ẹni tí ọ̀gá ń retí ní ọ́fíìsì, bẹ́ẹ̀ ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́.

"Waheed, fún mi ní kàtúùnù ọmọ pẹ́pẹ́yẹ tó sọnù yẹn. Ọmọ-ọmọ mi ń bọ̀ ní Sátidé."

"Bàbá, paati wọ̀ọ̀nù ti tán. Paati tuu ló kù."

Bàbá náà yínmú. "Paati tuu? Èyí tí wọn ò gbé dé sinimá rárá, tí wọ́n kàn rọ́ sínú sídì kí wọ́n fi tan àwọn òbí jẹ? Jẹ́ kó wà níbẹ̀. Ọbẹ̀ àná tí wọ́n bu omi lé ni."

Ẹ̀rínọlá kò mọ ọkùnrin yìí rí, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ti tọ́ ọbẹ̀ náà wò?"

"Rárá o. Kí ni mo fẹ́ tọ́ wò níbẹ̀?"

"Hẹ̀n-ẹ́n! Ẹ ò tíì tọ́ ọ wò, ẹ ti ń tutọ́."

Waheed fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá náà yíjú sí Ẹ̀rínọlá. "Màmá, kí ló wà nínú rẹ̀ tó tó báyìí?"

"Adìẹ ni. Àgbébọ̀ kan, arúgbó, tó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí odò kó tó kú. Kò lè lúwẹ̀ẹ́, ìyẹ́ rẹ̀ ti ń já, orúnkún ń dùn ún bíi tèmi. Ó sì lọ! Ẹ gbé e lọ wò. Tí kò bá dùn mọ́ yín, ẹ wá bú mi nílé. Raji Rasaki Estate, ẹ béèrè Ìyá Oníke. Ajá àdúgbò pàápàá mọ̀ mí."

Ike ló tà ní Mazamaza, korobá, abọ́ àti ọpọ́n ìwẹ̀, títí orúnkún fi ní ó tó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀.

Bàbá náà gbé sídì náà. Ẹ̀rínọlá rẹ́rìn-ín ara rẹ̀ délé. "Ẹ̀rínọlá! Opó bíi tìẹ, o ń júwe ilé fún ọkùnrin létí títì, nítorí adìẹ!"

Bàbá náà kúkú wá. Ó mu omi tán, ó nu ẹnu, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀sùn bí agbẹjọ́rò.

"Ohùn bàbá pẹ́pẹ́yẹ ti yàtọ̀, ẹlòmíràn ni wọ́n gbà. Igi kan ṣoṣo ni wọ́n yà, òun náà ló ń kọjá lẹ́yìn wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Odò yẹn kò sì mì. Bíi pé wọ́n fi búlúù kun sìmẹ́ńtì."

"Ẹ jẹ́ kígi máa kọjá. Èmi náà, ìró kan náà ni mo ró láti ọjọ́ Ajé, ẹnikẹ́ni ò tíì fẹjọ́ mi sùn."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, kò sì rò pé òun máa rẹ́rìn-ín.

"Ṣùgbọ́n ibi tí àgbébọ̀ yẹn dé etí odò, tí àwọn pẹ́pẹ́yẹ fẹ́ gbé e pọ̀n, tó ní ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ ki ẹsẹ̀ mi bọ̀ ọ́..." Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. "Mo sunkún, Màmá. Inúolúwa, ọmọ-ọmọ mi, ló ń nu ojú fún mi."

Gbóyèga ni bàbá náà ń jẹ́; ìyàwó rẹ̀ ti kú láti ọjọ́ pípẹ́, bí ọkọ Ẹ̀rínọlá náà ṣe kú. Ọkùnrin tó lè sunkún nítorí adìẹ, tó sì lè wá jẹ́wọ́ rẹ̀ níwájú ẹni tó bú u ní gbangba! Ìfẹ́ wọ Ẹ̀rínọlá lára lójú ẹsẹ̀, bí òjò ṣe ń wọ korobá tí kò lómorí.

"Ó dáa," ni Gbóyèga wí, "ẹ̀yin tí ẹ ń jà fún paati tuu, kí lẹ fẹ́ràn jù nínú paati wọ̀ọ̀nù?"

Ẹ̀rínọlá wò ó. Ó wo àjà. Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀ títí ìró fi tú.

"Mi ò rí i rí!"

"Kí lẹ wí?"

"Waheed kì í ní in lọ́wọ́! Paati tuu nìkan ni mo mọ̀! Èmi náà ò tọ́ ọ wò, mo ń tutọ́!"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí Tóyọ̀sí fi sá jáde wá wò ó bóyá nǹkan ṣe Màmá.

Gbóyèga yá paati wọ̀ọ̀nù lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀ ní Festac, ó gbé e wá. Wọ́n jọ jókòó wò ó. Ẹ̀rínọlá kò jiyàn, ó gbà. Omi ń mì lóòótọ́, ewé kọ̀ọ̀kan ń jó lọ́tọ̀, orin wọn sì ń gún ọkàn. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì péré ni àgbébọ̀ kọjá, tòun ti agbọ̀n lórí. Ẹnikẹ́ni kò kí i.

"Ó tán? Kò sọ̀rọ̀ rárá?"

"Kò sọ̀rọ̀."

"Ẹ wá wò ó! Àwọn tó lówó ya ewé, wọ́n ya omi, wọn ò ráyè fún ìyá arúgbó. Àwọn tí kò lówó, tó jẹ́ igi kan ṣoṣo ni wọ́n ní, àwọn ló dúró bi í pé, ìyá, níbo lẹ̀ ń lọ?"

Gbóyèga kò wo tẹlifíṣàn mọ́. Ojú Ẹ̀rínọlá ló ń wò. "Ìyá," ó ní, jẹ́jẹ́, "níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Mi ò tíì mọ̀ o," ni Ẹ̀rínọlá dáhùn. "Ṣùgbọ́n mi ò kánjú dìde."

Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń pè é ní Àgbébọ̀ mi. Tẹ́lòmíràn bá pe Ẹ̀rínọlá ní adìẹ, ìjà ni. Ti Gbóyèga, ńṣe ni ara rẹ̀ ń rọ̀ bí ẹ̀bà tí omi pọ̀ lórí rẹ̀.

Wọ́n rí paati tíríì náà rà. Èyí bí wọn nínú. Ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀ kò rántí pé ọmọ pẹ́pẹ́yẹ sọnù rí. Wọn kò dárúkọ àgbébọ̀.

"Èyí ni mi ò lè dárí jì," ni Ẹ̀rínọlá wí. "Kí ohùn yàtọ̀, kò burú. Kí igi jẹ́ ẹyọ kan, kò burú. Ṣùgbọ́n kéèyàn máa ṣe bíi pé ti àkọ́kọ́ kò ṣẹlẹ̀ rí!"

Gbóyèga mi orí. Àmọ́ orí mímì ọkùnrin, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n, ọ̀tọ̀ ni, kó yé wọn, ọ̀tọ̀ ni.

Nígbà tó yá, ó sọ ọ́ jáde. "Àgbébọ̀ mi, ilé mi dákẹ́ jù. Wá máa pariwo níbẹ̀."

"Bàbá Bùnmí, ariwo mi ò ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á o."

"Mo ti gbà bẹ́ẹ̀."

Ìgbẹ́kẹ̀lé, ọmọ Ẹ̀rínọlá, rẹ́rìn-ín títí, ó wá lọ sọ fún àwọn àgbà ẹbí wọn ní Amuwo. Àwọn àgbà ní kí bàbá wá kí àwọn. Ó ku ẹnì kan: Adébùnmí, ọmọ kan ṣoṣo tí Gbóyèga bí, ìyá Inúolúwa.

"Tí Bùnmí bá kọ̀," ni Gbóyèga wí, "mi ò mọ bí màá ṣe ṣe é."

"Tó bá kọ̀, èmi náà ò ní wọlé," ni Ẹ̀rínọlá dáhùn. "Mi ò ní fi ẹkún ọmọ ṣe àtẹ̀gùn." Ó sọ ọ́ tán ni ẹ̀rù bà á, nítorí ó mọ̀ pé òun máa dúró lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, Ẹ̀rínọlá gbé ẹja díndín lọ sí Festac. Bùnmí ló ṣílẹ̀kùn. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, ó kí i dáadáa, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ tì pa bí ṣọ́ọ̀bù ọjọ́ ọdún. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé tirẹ̀ dé ni. Wọ́n jókòó sídìí oúnjẹ. Bùnmí gbójú sókè wo ògiri, ṣíbí sì dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Àmì funfun kan wà lórí ọ̀dà ògiri, onígun mẹ́rin, níbi tí fọ́tò kan ti wà rí.

"Dádì, níbo ni màmá mi wà?"

Gbóyèga wú ikọ́.

Bùnmí yíjú sí Ẹ̀rínọlá. Omi ti lé lójú rẹ̀. "Ẹ ò tíì wọlé, mà, ẹ ti lé wọn jáde."

Ẹ̀rínọlá gbé ẹja ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá Bùnmí, ta ló gbé fọ́tò yẹn kúrò?"

"Èmi ni. Mo rò pé... kí ara lè tù ọ́."

"Ẹ̀yin ọkùnrin yìí! Ṣé paati tíríì lẹ fẹ́ fẹ́ mi sí ni?"

Ọ̀rọ̀ náà kò yé Bùnmí. Ó yé bàbá rẹ̀, orí rẹ̀ sì wọlẹ̀.

"Níbo ló wà?"

"Ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù."

"Ẹ gbé e wá."

Ẹ̀rínọlá tú gèlè, ó fi gbàjá, ó wọ́ àga sídìí ògiri.

"Jẹ́ kí n bá ọ—"

"Ẹ jókòó. Nítorí mi lẹ ṣe gbé e kúrò. Èmi ni màá gbé e padà."

Ó gun àga. Orúnkún rẹ̀ ró gbà bí igi gbígbẹ, àga náà sì dá a lóhùn. Ó na fọ́tò sókè, àga sì ń mì lábẹ́ rẹ̀.

"Bùnmí! Ọmọ mi, ẹ̀rù ń bà mí o! Wá di ìdí mi mú! Ọwọ́ méjèèjì, jọ̀ọ́, ìdí yìí kọjá ohun tí ọwọ́ kan lè ká!"

Bùnmí dúró tòun ti ìbínú rẹ̀. Àga tún ké. Ló bá sáré, ó fi apá méjèèjì gbá ìdí Ẹ̀rínọlá mú, ojú rẹ̀ rì sínú ìró.

"Ṣé ó gún?"

"Ó wọ́ sọ́tùn-ún, mà. Ẹ tún un... Hẹ̀n. Ó ti gún."

Ẹ̀rínọlá gbọ́ tí ara ọmọ náà ń mì lára òun. Ó rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rín ọ̀hún ti di ẹkún, ó sì jẹ́ kó sun ún sí èjìká òun. Kò ní kó dákẹ́.

"Wọ́n rẹ́rìn-ín nínú fọ́tò yìí o. Ta ló pa wọ́n lẹ́rìn-ín?"

"Èmi ni," ni Bùnmí wí. "Mo wọ bàtà Dádì, mo ṣubú." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀, ó ń sọ nípa ìyá rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣì orin kọ, bí wọ́n ṣe kórìíra ata, títí ẹja fi tutù. Ẹ̀rínọlá ń béèrè, ó ń béèrè.

Lẹ́nu ọ̀nà, Bùnmí ní, "Mi ò tíì sọ pé mo gbà o, mà."

"Èmi náà ò tíì bi ọ́. Rọra, ọmọ mi."

Ọjọ́ ń lọ, Bùnmí kò pè. Ẹ̀rínọlá kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ro ọkà, ó jẹ́ kó jóná. Ó sọ fún Gbóyèga lórí fóònù pé kó má fi ipá mú ọmọ rẹ̀, ó pa fóònù, ó wá sunkún bí ọmọge.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Bùnmí fúnra rẹ̀ kanlẹ̀kùn ní Raji Rasaki, sídì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Dádì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ paati tíríì fún mi. Inúolúwa wá ní kí èmi náà wo paati tuu."

"Kí lo rí níbẹ̀?"

"Kò dà bíi paati wọ̀ọ̀nù."

Ẹ̀rínọlá di ilẹ̀kùn mú.

"Kò sì díbọ́n pé òun ni," ni Bùnmí wí. "Ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀." Ó kúnlẹ̀. "Ẹ máa bọ̀ nílé, mà. Dádì ti ń bá tẹlifíṣàn sọ̀rọ̀."

Ètò ìgbéyàwó wọn kò gùn. Àlùfáà wàásù ní kúkúrú, Bùnmí ló wé gèlè fún ìyàwó, Waheed sì gbé sídì kan wá tí wọ́n fi ribọ́n-ọ̀n dì.

Nígbà tí àlejò lọ tán, Ẹ̀rínọlá ń to ẹrù rẹ̀. Fọ́tò ọkọ rẹ̀ tó ti kú wà nísàlẹ̀ àpótí, ó fi táwẹ́ẹ̀lì wé e, ó fẹ́ fi síbẹ̀. Gbóyèga rí i. Ó tú táwẹ́ẹ̀lì. Ó mú òòlù, ó wọ́ àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìyàwó rẹ̀, ó gùn ún.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀! Arúgbó yìí, ẹ fẹ́ sọ mí di opó lẹ́ẹ̀mejì ni?"

"Di ìdí mi mú, Àgbébọ̀ mi."

"Ìdí wo? Mi ò tíì rí i!"

Ó wá a, ó wá a, ó sì dì í mú.