Ohun Tó Bó Awọ Lára Àdìjátù

Àwọn obìnrin tó wẹ òkú Àdìjátù kò lè wẹ̀ ẹ́ tán. Bí wọ́n bá ti da omi sí i lápá, awọ ni yóò bá ọwọ́ wọn wá bí èèpo iṣu tó jinná jù. Ọ̀kan nínú wọn sá jáde, ó lọ bì sí ẹ̀yìn ilé. Màríámù, àbúrò olóògbé, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ìborùn bo imú. Ètè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wú, ó dúdú, ó lẹ̀ mọ́ eyín. Eyín dídùn lásán ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ta á, ó wú díẹ̀, kí ẹnikẹ́ni sì tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti kú.

Ní Ògbooro, ta ló gbọ́ pé eyín pa ènìyàn rí? Kí wọ́n tó ti ibi ìsìnkú dé ni wọ́n ti ń sọ ọ́ ní agboolé Ládòkun, bàbá àwọn ọmọ náà, pé àjẹ́ ló pa á. Iṣu rẹ̀ kò ta lọ́dún yẹn, oyún sì ti bàjẹ́ lára ìyàwó rẹ̀ kékeré, ìyá Àdìjátù. Àtọ́kẹ́, ìyàwó àgbà, kò bímọ rí. Ọmọ ọdẹ ni, òrìṣà ni wọ́n ń bọ nílé bàbá rẹ̀, kì í bá wọn kírun. Ta tún ni wọ́n fẹ́ wá kiri?

"Ta ló ń fún un lógì nígbà tí ẹnu rẹ̀ kún fún egbò?" Ìyá Àdìjátù figbe ta. "Ṣé kì í ṣe Àtọ́kẹ́ ló ń ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu?"

Òótọ́ ni. Òórùn ẹnu yẹn kò jẹ́ kí ẹlòmíì dúró tì í, àti ìyá tó bí i, àti Màríámù; bí wọ́n bá ti fún un lóògùn tán, wọ́n á sá jáde.

Samsudeen, tó ń ta oògùn lọ́jà, wá bá wọn kẹ́dùn. Òun ló di oògùn eyín fún Àdìjátù sínú ọ̀rá, hóró oríṣiríṣi àwọ̀ pọ̀ mọ́ra wọn. Ó mi orí. "Oògùn mi kì í pani. Gbogbo ìlú ló ń lò ó. Bí kò bá ṣe ọwọ́ ilé..."

Bí oòrùn ti ń wọ̀, òwìwí kan bà lé páànù orí yàrá Àtọ́kẹ́, ó ń ké.

"Ẹ ò rí i? Ó ti ìpàdé dé nìyẹn!" ni àwọn obìnrin ń wí. Ara Màríámù bù máṣọ. Àtọ́kẹ́ fúnra rẹ̀ jókòó lágbàlá níṣojú gbogbo wọn, ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò sẹ́ni tó rò ó.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, wọ́n fà á jáde. Wọ́n fi abẹ tó ti dípẹtà fá orí rẹ̀, wọ́n da omi ìgbẹ́ ewúrẹ́ lé e, wọ́n ní kó jẹ́wọ́.

"Kí ni kí n jẹ́wọ́?" ló ń wí. "Ọmọ wo ni mo tún ní lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí?"

Ládòkun dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń wolẹ̀. Màríámù bọ́ síwájú, ó tutọ́ sí ìyá arúgbó náà lójú. Àtọ́kẹ́ kò nù ún. Ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó gba Tẹ̀dé lọ, sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀, Ọdẹ́wùmí.

Nígbà ìkórè àgbàdo, èrìgì Màríámù wú. Ìrora náà ń gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ sétí. Ìyá rẹ̀ sáré tọ Samsudeen lọ, ó ra oògùn kan náà wá. "Irú ti ẹ̀gbọ́n rẹ ni," ó wí. "Ì bá ti wò ó sàn, bí kì í bá ṣe ti àjẹ́ yẹn."

Màríámù lò ó. Ìrora rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ pọ́n, tí ètè rẹ̀ bẹ́, tí ẹnu rẹ̀ lé ròrò. Ó tutọ́, ẹ̀jẹ̀ àti ọyún ni. Ó mí, ó gbóòórùn ara rẹ̀: òórùn yàrá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gan-an ni.

"Ó ti fò dé láti Tẹ̀dé!" Ìyá rẹ̀ ń sunkún, ó na oògùn sí i. "Gbé e mì, ọmọ mi. Lò ó tán."

Màríámù wo hóró oògùn náà. Àtọ́kẹ́ kò sí nílé. Kò sẹ́ni tó fún òun lógì. Kí ló wá wọ ẹnu òun tó wọ ẹnu ẹ̀gbọ́n òun? Ó gbá ọwọ́ ìyá rẹ̀ dànù. "Ẹ gbé mi lọ sí ọsibítù. Kí ẹ sì mú ọ̀rá yẹn dání."

Ládòkun fi ọ̀kadà gbé e dé Ṣakí. Dókítà Ìbùkún tú ọ̀rá náà sórí tábìlì, ó fi bírò ya hóró kan sọ́tọ̀.

"Ara àwọn kan kì í gba eléyìí rárá. Ẹnu á lé ròrò, ojú á pọ́n, awọ á bó bí ẹni tí omi gbígbóná dà sí lára. Béèyàn bá sì ń lò ó lọ, ó lè pa á. Ó máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìdílé nígbà mìíràn. Ṣé ó ti ṣe ẹnì kan rí nílé yín, Bàbá?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀," Ládòkun wí. "A ti sin ín."

"Ó sì ń lo oògùn náà nígbà tí awọ rẹ̀ ń bó?"

Ládòkun wo hóró náà lórí tábìlì. "Àwa la ń fún un. Tipátipá."

Ó pẹ́ kí ẹnu Màríámù tó jinná. Nígbà tó dé Ògbooro, ó bá Samsudeen nídìí àtẹ, ó ń di oògùn fún aláboyún kan. Màríámù sọ ohun tí dókítà wí sókè kí gbogbo ọjà lè gbọ́.

"Ṣé èmi ni mo ní kí ara yín kọ oògùn?" Samsudeen fèsì. "Ẹni tó yí ara yín padà ni kí ẹ wá lọ."

Aláboyún náà mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó gba ọ̀rá rẹ̀. Nílé, ìyá Màríámù bẹ̀ ẹ́ pé kó dákẹ́, kí ojú má bàa tì wọ́n. Láti ìgbà náà ni kò ti jẹ oúnjẹ ilé yẹn mọ́.

Ó ní kí bàbá òun gbé òun lọ sí Tẹ̀dé. Ó bá Àtọ́kẹ́ lẹ́nu ọ̀nà yàrá kan, ó wólẹ̀. Ìyá arúgbó náà wo ojú rẹ̀ tó ti di alábàwọ́n, ó wo ètè rẹ̀.

"Wọ́n rán ọ wá ni?"

"Rárá o, Ìyá Àgbà. Bàbá wà lójú títì. Wọ́n ní àwọn ò lójú tí àwọn máa fi wò yín. Ẹ forí jì mí. Ohun tí mo ṣe sí yín..."

"Mo mọ ohun tí o ṣe. Mi ò padà sí Ògbooro."

"Mi ò ní kí ẹ padà. Ẹ jẹ́ kí n dúró tì yín ni. Ilé yẹn ń rí mi lára."

Àtọ́kẹ́ dìde, ó rọra rìn jáde lọ sójú títì. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e níyàwó, kò pe ọkọ rẹ̀ lórúkọ rí.

"Ládòkun," ni Màríámù gbọ́ tó wí, "máa lọ sílé rẹ. Ọmọ mi wà lọ́dọ̀ mi."