Àlejò Kì Í Sin Ara Rẹ̀

Òórùn ọbẹ̀ ló kọ́kọ́ fu Olúfúnṣọ́ lára. Lọ́sàn-án gangan, tí kò tíì tan gáàsì láti ìgbà tó ti jí, òórùn ata díndín àti irú á gba inú fúláàtì náà kan. Bó bá dé kíṣìnnì, sítóòfù á tutù, ìkòkò á gbẹ. Ó máa ń ní àwọn ará ìsàlẹ̀ ló ń dáná.

Ilé náà kì í ṣe ẹgbẹ́ àwọn ilé yòókù. Láyé àtijọ́, ilé èrò ni, níbi táwọn tó ń dúró de rélùwéè ní Ifọ̀ máa ń sùn. Òkúta ni ògiri rẹ̀, ó sì nípọn débi pé fóònù kì í rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kan wá sọ ọ́ di fúláàtì olówó ńlá. Wọ́n gbé líìfùtù sí i, wọ́n tẹ́ máàbù sílẹ̀, àmọ́ wọ́n fi irin ojú fèrèsé sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bá a, torí ohun àtijọ́ ń wu àwọn olówó. Opó ni Olúfúnṣọ́. Ó ti pẹ́ nínú yàrá kan ní Mowe, níbi tí gbogbo àgbàlá ti jọ ń tò sí ẹnu ilé ìwẹ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tí kọ́tìnnì tó ń rán fáwọn òtẹ́ẹ̀lì wá ń mówó wọlé, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kó tó kó lọ.

Lọ́jọ́ tó kó dé, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó ní, "Ẹ kúulé o." Ó mọ̀ pé kò sẹ́nì kankan nínú ilé, àmọ́ bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ ní Ìkìrun nìyẹn, bí òun náà sì ṣe kọ́ Jésùlayọ̀mi, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo: ewúrẹ́ nìkan ló ń wọlé láìkí ilé. Ohùn obìnrin kan dáhùn jẹ́jẹ́ láti kíṣìnnì.

"Ẹ káàbọ̀."

Ó rò pé ẹni tó ń gbálẹ̀ ni. Nígbà tó débẹ̀, kò bá ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ Sátidé tí iléèwé gba ìsinmi, ó yẹ kó lọ mú Jésùlayọ̀mi, tó ń gbé iléèwé lẹ́bàá Redemption Camp. Iṣẹ́ dá a dúró di ìrọ̀lẹ́. Ó gbé báàgì, ó sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ṣí ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀. Pálọ̀ ara rẹ̀ ló bọ́ sí: àga rẹ̀, kọ́tìnnì rẹ̀, fọ́tò ọkọ rẹ̀ lára ògiri. Ó yíjú padà, ó wọ líìfùtù. Nígbà tó ṣí, pálọ̀ náà ni. Lọ́tẹ̀ yìí, ìkòkò ń hó lórí sítóòfù, kò sì síná lábẹ́ rẹ̀.

Ó sáré di irin fèrèsé mú. Bàbá Mùsáfírù tó ń ṣọ́ géètì wà nísàlẹ̀, ó ń ṣe àlùwàlá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Mi ò ríbi jáde."

Bàbá gbójú sókè. Kò bèèrè pé báwo.

"Màdámù, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ kó dé, ṣé ẹ kílé?"

"Ta ni kì í kílé?"

"Àwọn ará ìsàlẹ̀ yín. Wọn ò kílé rí, nǹkan kan ò sì ṣe wọ́n. Ṣé ẹnì kan dá yín lóhùn?"

Olúfúnṣọ́ ní obìnrin kan ni. Bàbá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Obìnrin tó dá yín lóhùn yẹn, bàbá mi mọ̀ ọ́n. Òun ló ń dáná fáwọn èrò. Nígbà tí rélùwéè ò gbé èrò wá síbí mọ́, wọ́n ní kó máa lọ sílé, ó ní èrò ń bọ̀. Ibẹ̀ ló kú sí. Ẹ̀yin lẹ̀ ń sanwó, àmọ́ òun lonílé. Àlejò kì í sin ara rẹ̀ jáde, Màdámù. Ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má fẹnu kan oúnjẹ rẹ̀ o, ẹni tó bá jẹ ẹ́ ò ní jáde mọ́. Mo ń lọ pe àfáà wá."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi látọjọ́ yìí?"

"Ẹ̀ bá ní orí mi ti dàrú."

Ó yára jáde, géètì sì wà ní ṣíṣí sílẹ̀.

Olúfúnṣọ́ kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. "Ẹ ṣeun, mà. Mo fẹ́ máa lọ."

"Ẹ jókòó," ohùn náà ní. "Ó kù díẹ̀ kó jinná. Kò sẹ́ni tó fi ebi kúrò nílé mi rí."

"Ẹ ṣàánú mi, mà. Ọmọ mi ń dúró dè mí."

Ìkòkò ò hó mọ́.

"Ọmọ wà?" Ayọ̀ wà nínú ohùn náà. "Kó máa bọ̀ wá jẹun."

Nígbà tí Olúfúnṣọ́ máa yíjú, abọ́ méjì ti wà lórí tábìlì.

Iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ ilé náà bẹ̀rẹ̀ sí í bú ramúramù. Láti ojú fèrèsé, Olúfúnṣọ́ rí bọ́ọ̀sì iléèwé tó dúró níwájú géètì. Wọ́n ń gbé àwọn ọmọ tẹ́nikẹ́ni ò wá mú lọ sílé. Jésùlayọ̀mi bọ́ sílẹ̀ tòun ti àpò rẹ̀.

"Má wọlé! Má kí ẹnikẹ́ni!"

Jẹnẹrétọ̀ gbé ohùn rẹ̀ mì. Ọmọ náà wòkè, ó rẹ́rìn-ín, ó juwọ́ sí ìyá rẹ̀.

Olúfúnṣọ́ sáré yí kọ́kọ́rọ́, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀. Ó la ẹnu láti kígbe.

"Ẹ kúulé o," ni ọmọ rẹ̀ wí níta.

"Káàbọ̀, ọmọ mi," ni kíṣìnnì dáhùn, kí ohùn tó jáde lẹ́nu ìyá rẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ yí padà fúnra rẹ̀. Ilẹ̀kùn rọra ti Olúfúnṣọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Jésùlayọ̀mi wọlé, ó kúnlẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, níbi tó yẹ kí àtẹ̀gùn wà, pálọ̀ ni: àga, kọ́tìnnì, fọ́tò.

"Mọ́mì, ta lẹ gbà tó ń bá yín dáná? Ebi ń pa mí o."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó ti ń lọ fọwọ́, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.