Ẹ̀yìn Àpótí

Ọwọ́ ọmọbìnrin náà ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ́kọ́ rí, kì í ṣe ojú rẹ̀. Ọwọ́ náà ń ti ìfági lọ lórí pákó gígùn kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, láìdúró, igi sì ń tú jáde lẹ́nu ìfági bí ọ̀já, ó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí iná gbọ̀ngàn ń tàn gba inú rẹ̀ kọjá. Ó gùn tó pákó náà gẹ́lẹ́, kò sì já.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dúró bí ẹni tí wọ́n fi ìṣó kàn mọ́lẹ̀.

Nígbà yẹn, ìpàtẹ iṣẹ́ igi ṣì ń kún. Ọjọ́ mẹ́ta ni lọ́dún, nínú gbọ̀ngàn ńlá onípáànù kan. Àwọn káfíńtà, àwọn tó ń ta pákó, àwa tí à ń ta gọ́ọ̀mù àti ìṣó, gbogbo wa la máa ń pàtẹ síbẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò lágbègbè náà, ṣùgbọ́n bí mo bá pa ojú dé báyìí, òórùn igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là ṣì máa ń wọ imú mi.

"Ẹ̀gbọ́n," ọmọbìnrin náà sọ láìgbé ojú sókè, "ẹ ti dí ìmọ́lẹ̀ mi."

"Ẹ má bínú. Mo ń wò ó bóyá ó máa já ni."

"Ṣé ẹ fẹ́ kó já ni?"

"Rárá o! Bó bá já, mo máa sunkún."

Ó wá gbé ojú sókè, ó rẹ́rìn-ín. Ó ká ọ̀já igi náà mọ́ ìka rẹ̀, ó sì nà án sí i. "Ẹ gbà, kẹ́ ẹ má baà dójú tì wá lójú oníbàárà."

Bàbá rẹ̀, tó jókòó lẹ́yìn tábìlì tó ń pọ́n abẹ, húkọ́. Onífági ni gbogbo wa ń pe bàbá náà. Òun ló ń ṣe ìfági, òun ló ń tún wọn pọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní tirẹ̀, àpótí aṣọ ló mọ̀ ọ́n kàn, nítorí náà kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, ọmọbìnrin náà ti sọ ọ́ ní Alápòótí.

Ìrìn ọjọ́ kan gbáko ló wà láàárín ìlú àwọn méjèèjì, gbọ̀ngàn ìpàtẹ sì wà lágbedeméjì. Orí fóònù ni ìfẹ́ wọn ti dàgbà.

"Alápòótí mi, ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹ sáńpépà yó."

"Ẹ̀wù rẹ ńkọ́? Ṣé o ti gbọn èérún igi kúrò lára rẹ̀?"

"Mò ń fi pa mọ́ dè ọ́ ni."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wọ̀ ọ́, ohùn ọmọbìnrin náà yí padà. "Bàbá mi gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ rẹ ná."

"Ṣé kí n gbé e wá sílé yín?"

"Má dán an wò! Wọ́n ní ẹni tó bá gbé iṣẹ́ wá sílé àwọn, ẹ̀bẹ̀ ló gbé wá. Ibi ìpàtẹ ni wọ́n ń fẹ́, níbi tí ojú àwọn oníṣẹ́ pé sí. Wọ́n ní ibẹ̀ ni igi kì í ti í purọ́."

Lọ́dún yẹn kan náà ni ẹ̀gbọ́n Alápòótí bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò àwọn àpótí rẹ̀, tó ń fi wọ́n ránṣẹ́ lórí fóònù. Iṣẹ́ ń wọlé wìtìwìtì. "Àbúrò, yára," lẹ̀gbọ́n máa ń wí. "Iwájú nìkan làwọn èèyàn ń rí. Fi ẹ̀yìn sílẹ̀ fún ògiri." Alápòótí kọ́kọ́ ń jiyàn. Nígbà tó yá, kò jiyàn mọ́. Nígbà tó tún yá, ọwọ́ rẹ̀ kò rántí ẹ̀yìn àpótí mọ́ rárá.

Àpótí tó gbé wá síbi ìpàtẹ kejì ń dán bí omi tí oòrùn ń ràn sí. Gbọ̀ngàn kò kún ju ìdajì lọ lọ́dún náà. Onífági dé, ó dáhùn ìkíni, ó sì pa ojú rẹ̀ méjèèjì dé. Bó ṣe máa ń yẹ iṣẹ́ wò nìyẹn. Ó fọwọ́ kan iwájú, ó mi orí pé ó dáa. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn àpótí.

Ó fà á padà kíákíá. Ẹ̀gún igi ti wọ ìka rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ. Ó fi eyín fa ẹ̀gún náà jáde, ó tu ú sílẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé èèyàn lo kan èyí fún ni, àbí fóònù?"

"Bàbá, ẹ dákun..."

"N ò bínú. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa ẹ̀yìn àpótí tì torí pé ẹnikẹ́ni ò ní rí i, bí ọmọ mi bá dénú ilé rẹ̀, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí wọn, báwo ló ṣe máa tọ́jú rẹ̀?"

Bàbá kúrò níbẹ̀, ó lọ wẹ ọwọ́.

"Ó dùn mí," ọmọbìnrin náà sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Àmọ́ òótọ́ ni wọ́n sọ."

"Ṣé ó ti parí nìyẹn?"

"Ta ló ní ó ti parí? Ṣé wọ́n fòfin de ọdún tó ń bọ̀ ni?" Ó mú ìfági kan lórí tábìlì, èyí tó fi ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́. "Ẹ̀bùn kọ́ o. Ohun ìní mi ni, wàá dá a padà. Máa lọ fá ẹ̀yìn."

Ó lọ fá ẹ̀yìn. Ó wá igi tuntun, ó sá a títí ó fi gbẹ dénú. Ẹ̀yìn àpótí ló kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà ìdí rẹ̀, lẹ́yìn náà inú rẹ̀. Iwájú ló kẹ́yìn. Bí ó bá fá a lónìí, yóò tún padà fọwọ́ pa á lọ́la, lójú dídì, bíi ti bàbá náà.

"Ta ló fẹ́ wo ẹ̀yìn àpótí?" ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi í ṣẹ̀fẹ̀. "Aláǹgbá?"

"Bó bá jẹ́ aláǹgbá náà ni, kó rí iṣẹ́ gidi wò."

"Ìpàtẹ wo lo tiẹ̀ tún ń bá kiri? Lọ́dún tó kọjá, àwọn tó ń tà pọ̀ ju àwọn tó ń rà lọ. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló ti wà lórí fóònù."

"Gbogbo rẹ̀ kọ́, bọ̀dá mi."

"Kí ló kù?"

"Ọwọ́."

Ẹ̀gbọ́n mi orí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ pé, òun ló bá a gbé àpótí náà sínú ọkọ̀, ó sì ń kígbe mọ́ awakọ̀ pé kó rọra.

Kí ọjọ́ ọ̀hún tó pé ni ẹgbẹ́ tó ń ṣètò ìpàtẹ ti kéde pé ti ọdún yìí ni yóò kẹ́yìn. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìkéde náà, ọmọbìnrin náà pe Alápòótí.

"Bàbá ní àwọn ò lọ mọ́. Wọ́n ní àwọn ò lè lọ jókòó sínú gbọ̀ngàn òfìfo káwọn máa ka páànù."

"Èmi ń lọ ní tèmi."

"Bí ẹnikẹ́ni ò bá wá ńkọ́?"

"Màá jókòó ti àpótí mi. Ọjọ́ mẹ́ta kì í pa èèyàn, ìfẹ́ mi."

Lọ́jọ́ kìíní, a ò ju méjìlá lọ tá a pàtẹ. Ilẹ̀ lásán ló wà níbi tí tábìlì Onífági máa ń wà. Ọjọ́ kejì lọ bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, tí àwa tó kù ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́, mo lọ bá Alápòótí pé kó jẹ́ ká bá a gbé àpótí jáde.

"Ẹ ṣeun, bàbá," ló wí. "Bí wọ́n bá tilẹ̀kùn, màá gbé e."

Kò mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ nílé Onífági ní kùtùkùtù ọjọ́ náà. Ọmọbìnrin náà ti kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ sọ pé ibi ìpàtẹ ni igi kì í ti í purọ́?"

"Èmi ni."

"Ó ti fi ọjọ́ méjì jókòó síbẹ̀. Bẹ́ ẹ ò bá lọ, igi ò yẹ àdéhùn, òun náà ò yẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin lẹ yẹ̀ ẹ́."

Bàbá dìde. "Ẹnu rẹ mú ju abẹ ìfági lọ. Gbé bàtà mi wá."

Bí wọ́n ṣe wọ gbọ̀ngàn nìyẹn, eruku ọ̀nà lára wọn. Bàbá kò jókòó, kò mu omi. Ó pa ojú dé. Ó fọwọ́ kan iwájú àpótí fẹ́ẹ́rẹ́, ó kọjá. Ọwọ́ rẹ̀ dé ẹ̀yìn, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Ó lọ sókè, ó lọ sísàlẹ̀, ó wọ abẹ́ àpótí. Ó ṣí ìdérí, ó ń wá inú rẹ̀ igun dé igun, ni ọwọ́ rẹ̀ bá dúró. Ó mú ohun kan jáde, tó ká róbótó, tó ti pọ́n nítorí ọjọ́.

"Kí lèyí?"

"Ọ̀já igi ni, sà. Ọmọ yín ló fá a, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i."

"Láti ọjọ́ yẹn? Kò sì já?"

"Kò já, sà."

Onífági la ojú. Ó yẹ ìka rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Ló bá yí sí wa, ó pariwo: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kù, ẹ fi ẹrù sílẹ̀! Ẹ wá fọwọ́ kan ẹ̀yìn àpótí yìí!"

A wá, gbogbo wa, a tò, a ń fọwọ́ pa á níkọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ mi kàn án, mo sì ń wá ibi tí pákó méjì ti pàdé, mi ò rí i.

"Ìṣojú yín ni mo ti fún un lọ́mọ," ni Onífági wí. Ó kọjú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ ńkọ́? Ṣé o gbà?"

"Kó kọ́kọ́ dá ìfági mi padà."

Alápòótí yọ ọ́ nínú àpò. "Ó ti mú ju bó o ṣe fún mi lọ."

"Irọ́! Ta ló pọ́n ọn?"

"Èmi ni."

Ó gba ìfági náà, ó fi fá etí pákó kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó gbé ohun tó jáde sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ ti kún fún omi, ṣùgbọ́n ó ń gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín.

"Ó dáa díẹ̀," ló wí. "Mo gbà."

Wọ́n ní sìmẹ́ńtì ni wọ́n ń kó pa mọ́ sínú gbọ̀ngàn náà báyìí. Àwọn ọmọ mi tó ń ṣòwò igi máa ń bi mí bóyá ó ṣì yẹ kéèyàn fi ọjọ́ mẹ́ta ṣòfò níbi ìpàtẹ, nígbà tí fóònù wà. Èmi kì í bá wọn jiyàn. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ kí tọkọtaya náà wò. Àárín yàrá ni àpótí wọn wà. Kò fara ti ògiri, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí ẹnu ọ̀nà, kò sì sí àlejò tó ń jókòó nílé náà láìkọ́kọ́ fọwọ́ kàn án.