Ìfúntí Àwọn Vayssette

Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, Bastien Vayssette ń súfèé bó ṣe ń jáde ní pápákọ̀ òfurufú Toulouse. Delphine ìyàwó rẹ̀ ń fa àpótí. Ìyá ìyàwó rẹ̀, Màmá Lecocq, ń bọ̀ lẹ́yìn wọn, ó ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tó fẹ́ ná an lọ́jà.

Ará Lille ni ìyá yìí, níbi tí bíà ti jọba. Láti ọjọ́ tí Bastien ti fẹ́ ọmọ rẹ̀, kò tíì gbà pé inú ilé gidi ni ọmọ òun wọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni Bastien bá wá sílé: kí àna rẹ̀ rí ìdílé òun, kó tọ́ wáìnì wọn wò, kó sì kan sáárá sí wọn. Àwa ará Gaillac, ìlú rẹ̀, kò lè bá a wí fún ìyẹn. Ẹni tó bá ti dàgbà láàárín oko àjàrà wa, kò sí bí kò ṣe ní fi yangàn.

Ọmọbìnrin tó ń yá èèyàn ní mọ́tò gba láísẹ́ǹsì Bastien, ó sì béèrè bóyá ẹlòmíràn máa bá a wa ọkọ̀ náà. Delphine ti ń na tirẹ̀ sí i. Bastien rọra dá ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Lórí ilẹ̀ bàbá mi? Kò sí kọ̀rọ̀ tí mi ò mọ̀ níbẹ̀. Ìwọ ṣáà jókòó, kí o gbádùn ara rẹ."

Ọmọbìnrin náà fi sùúrù ṣàlàyé fún un. Ó ní ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú àdéhùn, ìnṣọ́ránsì kò mọ̀ ọ́n rí; bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wa ọkọ̀ tí nǹkan sì ṣẹlẹ̀, ọrùn ara wọn ló máa wà. Ó ní kò ní pẹ́ láti fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ kún un. Bastien ní kí ó má ṣèyọnu.

Oko méjì ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí. Wọ́n bu wáìnì díẹ̀díẹ̀ fún wọn, pupa, funfun, èyí tó ń hó. Bastien mu tirẹ̀ gbẹ. Màmá Lecocq fi ẹnu kan tirẹ̀, ó ní kò burú. Bẹ́ẹ̀, ẹnu tó sọ pé kò burú yìí kì í yin nǹkan rárá! Orí Bastien wú. Kí ẹ̀kán kan má bàa ṣòfò lára wáìnì ilẹ̀ rẹ̀, ó gba ife àna rẹ̀, ó mu ìyẹn náà gbẹ.

Ibi kẹta ni ilé Bàbá Firmin, ẹ̀gbọ́n bàbá Bastien, tí a máa ń pè ní ọ̀gá láàárín gbogbo àwa tó ń ṣe wáìnì lágbègbè yìí. Bàbá Firmin bu wáìnì láti inú àgbá, ó gbóòórùn rẹ̀, ó yí i lẹ́nu, ó sì tu ú sínú korobá kan tó kún fún ìyẹ̀fun igi. Màmá Lecocq ṣe bó ti ṣe. Ni Bastien bá bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, àwọn oníṣòwò Paris lẹ tún ń fara wé? Ọmọ Vayssette kì í tu wáìnì Vayssette nù. Òun ni wọ́n fi já èmi lẹ́nu ọmú."

"Bàbá rẹ àgbà ń tu ú," ni Bàbá Firmin dá a lóhùn. "Èmi náà ń tu ú. Ohun tí mo fi gbogbo ayé mi ṣe, mi ò fẹ́ kó pa àlejò mi lọ́nà."

Delphine, tí kò tíì fẹnu kan ọtí, ní kí ọkọ òun fún òun ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Bastien ní orúkọ rẹ̀ kò sí nínú àdéhùn.

"Ta ni kò jẹ́ kó wà níbẹ̀?"

Bastien yíjú sí Bàbá Firmin. Ó ní kí wọ́n bá òun po kọfí tó le dáadáa.

"Kọfí kò lè lé ọtí jáde," ni Bàbá Firmin sọ. "Omi tútù náà kò lè lé e. Ọ̀mùtí tó bá mu kọfí, ọ̀mùtí tí oorun ò kùn ni. Àkókò nìkan ló ń lé e, ó sì ń pẹ́. Yàrá wà lókè, ọbẹ̀ aáyù wà lórí iná. Ẹ sùn síbí."

Ṣùgbọ́n Bastien ti ní kí wọ́n fi yàrá òtẹ́ẹ̀lì pamọ́ dè wọ́n létí odò. Kò sì fẹ́ kí àna òun rí i pé wọ́n ń tọ́jú òun bí ọmọ ọwọ́. Ó ní òun lè dijú wa ọkọ̀ ní ọ̀nà yẹn. Màmá Lecocq, tí kò mọ ọ̀nà, tí kò sì ka iye ife tí àna rẹ̀ ti mu, ti jókòó síwájú. Delphine wọ ẹ̀yìn pẹ̀lú ìbínú.

Ohun kan wà tí Bastien kò mọ̀. Lẹ́yìn tó kó lọ sí Lille, wọ́n ti sọ oríta ẹ̀bá afárá di ráńdábáòtù. Ní àárín rẹ̀ ni a gbé ìfúntí onígi ńlá kan sí, èyí tí bàbá àgbà Bastien fi ń fún àjàrà nígbà ayé rẹ̀. Bàbá Firmin ló fi ta abúlé lọ́rẹ. A gbin òdòdó yí i ká, a sì kọ orúkọ Vayssette sára òkúta níwájú rẹ̀. Bàbá fẹ́ mú wọn lọ wò ó lọ́jọ́ kejì, kó lè yà wọ́n lẹ́nu.

Oòrùn kò tíì wọ̀. Bastien sáré dé oríta, ó sì lọ tààrà bó ti máa ń ṣe láti kékeré. Nígbà tí ojú rẹ̀ fi máa rí òdòdó, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọkọ̀ náà gun orí ráńdábáòtù, ó sì la ìfúntí náà sí méjì. Nígbà tí Bastien gbé orí sókè, orúkọ ara rẹ̀ ló rí lára òkúta. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Màmá Lecocq di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún mú, ó ń kérora. Ọwọ́ náà ti kán.

Àwọn ọlọ́pàá ní kí Bastien fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ wọn. Wọ́n gba láísẹ́ǹsì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Gbogbo abúlé jáde. Ẹnikẹ́ni kò bú u. Ńṣe la ń ṣa ẹ̀là igi náà lẹ́yọ lẹ́yọ nínú òdòdó. Ìyẹn dùn ún ju èébú lọ. Bàbá Firmin ní omi ló dànù, agbè ò fọ́, ó sì yíjú kúrò kí a má bàa rí omijé rẹ̀.

Ilé ẹjọ́ ní Bastien kò gbọ́dọ̀ wa ọkọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìnṣọ́ránsì ọkọ̀ àyálò náà kọ̀ ọ́, wọ́n ní àwọn kì í san gbèsè ọ̀mùtí, òun fúnra rẹ̀ ló sì san owó ọkọ̀. Ṣùgbọ́n kò sá fún wa. Ó ń wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Lille nígbàkigbà tó bá ti gba ìsinmi, ó ń bá káfíńtà wa fá igi, títí ìfúntí náà fi dìde padà.

Ọjọ́ tí a gbé e padà sí àyè rẹ̀, Màmá Lecocq tún wá. Lọ́tẹ̀ yìí, orúkọ Delphine ló wà nínú àdéhùn ọkọ̀. Bàbá Firmin bu wáìnì fún gbogbo èèyàn. Nígbà tó kan Delphine, Bastien gbé korobá, ó dì í mú fún ìyàwó rẹ̀ lójú gbogbo wa, Delphine sì tu wáìnì Vayssette sínú rẹ̀. A pàtẹ́wọ́.

Màmá Lecocq mu tirẹ̀ gbẹ. "Bastien," ló wí, "òní ni mo mọ ilé tí ọmọ mi wọ̀."

Ìwọ tí ò ń ka ìtàn yìí, bó o bá fẹ́ yá ọkọ̀ lọ síbi tí ọtí wà, kí ìwọ àtàwọn tẹ́ ẹ jọ ń lọ ti fẹnu kò kí ẹ tó kúrò ní pápákọ̀ lórí ẹni tí kò ní mu, kí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú àdéhùn. Bí gbogbo yín bá ti mu, ẹ sùn síbẹ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni Màmá Lecocq fi na ife sí Bàbá Firmin lọ́jọ́ náà, gbogbo wa la sì rí i pé kò tọ́ mọ́. Káfíńtà wa mọ igi í tò. Kò mọ èèyàn í tò.